Líìgì Tí Àwa Awakọ̀ Bá Wọn Kó Jọ

                                        Ilé Kejìlá, Àjà Kẹrin,
                                        Mariners Harbor,
                                        Staten Island, New York.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ládi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni o? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tí wọ́n ní ó ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti fúyẹ́? Bá mi kí wọn gan-an, kí o sọ fún wọn pé Muhideen ní kí wọ́n máa lo oògùn wọn, kí wọ́n yéé fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn ọmọ rẹ tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fún yín ní nẹ́ẹ̀tì tuntun, àbí èyí tí ìwọ fúnra rẹ fi okùn apẹja hun náà lẹ ṣì ń lò?

Ní tiwa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Aminah wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀yìn ń dùn ún díẹ̀, àmọ́ ẹnu kò dùn ún rárá, o mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé òun ṣì ń retí fọ́tò tí o ṣèlérí láti ọdún Iléyá tó kọjá.

Ó yá, mo ti kí ọ tán. Jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ kí àyà mi má baà bẹ́. Láti àná ni mo ti ń rìn káàkiri inú ilé bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Mo bá jókòó, mo tún dìde. Aminah ní bí n kò bá lọ kọ ìwé sí ẹnì kan, òun á jáde kúrò nílé fún mi. Ìwọ ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa yé jù, torí ìwọ ni a jọ gbá bọ́ọ̀lù yìí nígbà tí orúnkún ṣì ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu.

O rántí pé mo sọ fún ọ pé Kafilat ọmọ wa wọ Kọ́lẹ́jì Tarrow, kọ́lẹ́jì kékeré tó wà lórí òkè lẹ́yìn St. George, níbi tí èmi náà ti ń wa bọ́ọ̀sì fún wọn láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Fọ́líbọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n gbá ni wọ́n fi fún un ní sikọ́láṣíìpù. Èmi ni mo máa ń gbé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìdíje, èmi ni mo sì máa ń gbé wọn padà, orúkọ ni mo sì máa ń fi kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí wọ́n bá ń wọlé. Mo ti sọ fún un láti ọjọ́ kìíní pé tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì mi, èmi kì í ṣe bàbá ẹnì kankan, awakọ̀ ni mí. Ọmọ náà gbọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó, á sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, àfi tí ebi bá ń pa á.

Ní báyìí, fetí sílẹ̀ dáadáa, torí eré ìdárayá àwọn ènìyàn yìí kò dà bíi tiwa. Níbí, àwọn kọ́lẹ́jì máa ń kó ara wọn jọ, bóyá mẹ́jọ, bóyá méjìlá, wọ́n á dá líìgì sílẹ̀, wọ́n á sì máa bá ara wọn díje lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife líìgì rẹ̀ ló máa lọ pàdé àwọn tó gba ife líìgì mìíràn káàkiri Amẹ́ríkà. Kọ́lẹ́jì tí kò bá ní líìgì dà bí ọmọ tí gbogbo ọmọ àdúgbò kọ̀ láti bá ṣeré. Ó lè máa ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ sókè kí ó máa hán an, kò sẹ́ni tó máa kà á sí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn yunifásítì ńlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń há mọ́ abíyá sáré, rí i pé tẹlifíṣọ̀n ń wá àwọn lójú méjèèjì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi líìgì tí wọ́n ti wà láti ayébáyé sílẹ̀, wọ́n ń kó lọ síbi tí owó tẹlifíṣọ̀n bá pè wọ́n sí. Líìgì tí èèyàn bá kúrò nínú rẹ̀ á na ọwọ́ sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á mú mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀. Ìyẹn náà á tún na ọwọ́ sísàlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹni ńlá kan bá wá jókòó sórí bẹ́ńṣì: oníkálùkù á sún díẹ̀ díẹ̀, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun á sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Àwa la wà ní ìpẹ̀kun. Fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin wa kò mọ ohunkóhun nípa bọ́ọ̀lù abíyá yẹn, síbẹ̀ òun ló ṣubú.

Oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá ni ọwọ́ kàn wá. Mẹ́jọ la jẹ́ nínú líìgì wa. Mẹ́rin ló kọ̀wé lọ́jọ́ kan náà pé àwọn ń lọ, àwọn mẹ́rin tó sún mọ́ wa jù sì ni! Àwọn tó kù pẹ̀lú wa, ọ̀kan wà lẹ́bàá ààlà Kánádà, ọ̀kan wà ní Maine lọ́hùn-ún, ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun Pennsylvania. Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú wọn, wákàtí méje ni mo máa fi wa bọ́ọ̀sì débẹ̀. Òfin ibí sì ni pé awakọ̀ tó bá kó èrò kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ kọjá wákàtí mẹ́wàá kí ó tó sinmi. Ìyẹn ni pé gbogbo ìdíje kan ṣoṣo á di ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ kò sì ní í rí kíláàsì wọn wọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, àjọ tó ń darí gbogbo líìgì ní tí a kò bá pé mẹ́fà, a kì í ṣe líìgì mọ́.

Kọ́lẹ́jì Tarrow bá ní kò sọ́gbọ́n. Wọ́n ní àwọn máa pa ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin rẹ́. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ alábòójútó máa jókòó nínú oṣù Kejì, wọ́n á fọwọ́ sí i, ó parí.

Ládi, ọjọ́ tí Kafilat gbọ́, ó wọlé, kò bọ́ bàtà, kò kí wa. Ó dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, gbì, gbì, gbì. Obìnrin tó wà ní iyàrá tó kángun sí tiwa, tí kì í fara mọ́ kí èèyàn wúkọ́ lójú ọ̀sán, kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti rí. Bí ẹgbẹ́ bá kú, sikọ́láṣíìpù kú nìyẹn. Bí sikọ́láṣíìpù bá kú, a kò lè dá a gbé. Ó di dandan kí ọmọ náà wá kọ́lẹ́jì mìíràn lọ níbi tí wọ́n bá ti gbà á, ó lè jẹ́ Ohio, ó lè jẹ́ Nebraska. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí! Mo mọ bí ọmọ ṣe máa ń lọ nílẹ̀ yìí. Tó bá ti jìnnà, ọjọ́ ìbí ló máa ń pè ọ́. Mo sọ fún Aminah pé kò séwu, mo wá lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo sunkún. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ inú ìbànújẹ́ yìí náà ni ọ̀nà ti là. O ò mọ ìgbé ayé àwa awakọ̀ ẹgbẹ́ eré. Tí àwọn ọmọ bá wọlé lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ń ní kí a gbé bọ́ọ̀sì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ibẹ̀ la máa ń dúró sí, àwa àti awakọ̀ ẹgbẹ́ kejì, a ó máa mu kọfí, a ó máa sọ̀rọ̀ ọ̀gá wa láìdáa. Anthony ni mo bá pàdé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Òun ló ń wakọ̀ kọ́lẹ́jì kan ní New Jersey. Ọmọ Bayonne ni, ó sanra, tó bá rẹ́rìn-ín, gíláàsì bọ́ọ̀sì á mì. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní líìgì tiwọn náà ti tú, mẹ́ta ti lọ, ààrẹ kọ́lẹ́jì àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ torí ìtìjú. Ó wá fi kún un pé, “Awakọ̀ Bronx sọ ohun kan náà fún mi ní Tuesday. Kí ló ń ṣe gbogbo wọn ná?”

Ṣe ni orí mi wú. A ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp, àwa awakọ̀, ibẹ̀ la ti ń sọ fún ara wa pé afárá kan ti pa, ọlọ́pàá wà níbì kan, ilé ìtura kan mọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ta ni líìgì ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú?” Kí kọfí mi tó tutù, wọ́n ti ń dáhùn. Ti Anthony. Ti Bronx. Ọ̀kan ní Long Island. Ọ̀kan ní Connecticut. Ọ̀kan lókè odò Hudson. Pẹ̀lú tiwa, wọ́n jẹ́ mẹ́fà! Kọ́lẹ́jì mẹ́fà tí kò jìnnà síra wọn, ààrẹ mẹ́fà tí oníkálùkù ti ilẹ̀kùn mọ́rí pé òun nìkan ni ojú tì, tí àwọn awakọ̀ wọn sì ti mọ gbogbo rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìdọ̀tí.

Mo sọ fún Susan, kóòṣì àwọn ọmọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sókè. Ó sáré lọ sọ fún ọ̀gá eré ìdárayá wa. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ? Ó ní kí awakọ̀ gbájú mọ́ síárìn rẹ̀. Ládi, o mọ̀ mí. Bí ó bá sọ pé òun á ronú sí i, bóyá mi ò bá ti lọ sùn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ní kí n gbájú mọ́ síárìn, àbùṣe bùṣe. Mo lọ kọ orúkọ sílẹ̀ pé èmi náà á sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, torí wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ti kọ́lẹ́jì lè sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú méjì méjì.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òtútù ń já èèyàn létí. Aminah ní dandan kí n wọ kóòtù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí a búra di ọmọ Amẹ́ríkà. Kò wọ̀ mí mọ́, mo há sínú rẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kafilat wọ jẹ́sì wọn, wọ́n jókòó ní ọ̀wọ́ kan. Iná kékeré kan wà lórí tábìlì: tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, máa sọ̀rọ̀ lọ, tó bá pupa, àsìkò rẹ ti tán, jókòó.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo dìde. Ó yẹ kí n sọ ti bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, mo ti há a sórí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ nígbà tí mo dé iwájú, tí mo rí àwọn àgbà tó jókòó ní ọ̀wọ́, ṣé kí n wá la ẹnu báyìí bí ẹni tí kò nílé, kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ẹnikẹ́ni? Mo kí ààrẹ kọ́lẹ́jì. Mo kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Mo kí wọn kú ìjókòó, mo kí wọn kú òtútù, mo kí wọn kú ìmójútó. O ò gbọ́ bó ṣe dún lédè Gẹ̀ẹ́sì! Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Mo dúpẹ́ fún ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fún mi níṣẹ́. Mo kí Susan. Mo kí ọkùnrin tó ń gbá gbọ̀ngàn, torí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá rí Ìyáàfin Johnson láàárín wọn, ìyá àgbàlagbà kan, aláwọ̀ dúdú, tó ti wà nínú ìgbìmọ̀ náà kí n tó dé. Ọkọ rẹ̀ ti kú nínú oṣù Kọkànlá, bọ́ọ̀sì mi ni wọ́n fi kó àwọn ará kọ́lẹ́jì lọ síbi ìsìnkú. Báwo ni mo ṣe máa rí opó kí n fò ó? Mo kí i kú àṣẹ̀yìndè bàbá, mo ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ, mo ní bàbá náà jẹ́ ẹni tó máa ń juwọ́ sí mi nígbàkúùgbà tí mo bá ń gòkè bọ̀.

Iná pupa tàn.

Ládi, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa bọ́ọ̀sì! Gbogbo ìṣẹ́jú méjèèjì ni mo fi kí èèyàn! Ọ̀gá eré ìdárayá wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “A dúpẹ́, Muhideen, o lè jókòó.” Mo wo ẹ̀yìn, Aminah ti fi ìborùn bojú. Kafilat ń wo ilẹ̀. Òógùn bò mí nínú kóòtù yẹn bí ẹni pé wọ́n da omi sí mi lára. Mo rò ó lọ́kàn mi pé mo ti fi ẹnu ara mi lé ọmọ mi lọ sí Nebraska.

Mo ti ń padà lọ jókòó nígbà tí Tiffany dìde. Òun ni kápúténì wọn, ọmọ Mariners Harbor níhìn-ín ni, ó ga bí òpó iná. Òun ló kàn tí wọ́n máa pè. Ó ní, “Mo fún Mr. Muhideen ní ìṣẹ́jú méjì tèmi. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ààrẹ wo ìwé òfin wọn, ó ní àyè wà fún un. Iná yí padà di àwọ̀ ewé.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò kí ìkankan. Mo ní: New Jersey, ogójì ìṣẹ́jú. Bronx, wákàtí kan tí afárá bá gbà. Long Island, wákàtí kan àbọ̀. Connecticut, wákàtí méjì. Òkè Hudson, wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Mo ní gbogbo wọn ni líìgì wọn ti tú bíi tiwa, gbogbo wọn ló ń wá ẹni bá ṣeré, a jẹ́ mẹ́fà gééré. Mo ní kò sí èyí tí mo gbé àwọn ọmọ yìí lọ tí n kò ní í gbé wọn padà lọ́jọ́ kan náà, tí wọn kò ní í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo jókòó. Iná kò tíì pupa.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ta ló sọ fún mi. Mo ní àwa awakọ̀ ni. Ẹ̀rín tún ta. Ìyáàfin Johnson kò rẹ́rìn-ín o. Ó fọwọ́ lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Oṣù mẹ́ta ni ọkọ mi ti kú. Nínú gbọ̀ngàn yìí, ọkùnrin yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe èèyàn tó bẹ́ẹ̀, mo gbà pé ó mọ ohun tó ń ṣe kọ́lẹ́jì márùn-ún. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà àwọn ààrẹ wọn. Kí a má tíì pa ẹgbẹ́ kankan rẹ́ títí di àárín oṣù Kẹrin.” Wọ́n dìbò. Àwọn tó gbà fi ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ju àwọn tó kọ̀ lọ.

Ìyá yẹn ṣiṣẹ́! Ó pe gbogbo wọn fúnra rẹ̀, ó ní bí ẹnì kan bá gbé e, òun á sọ pé, “Mo gbọ́ pé líìgì yín ti tú,” ẹni náà á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi tó ti ń jalè. Àwọn mẹ́rin gbà láàárín oṣù kan. Long Island ló kù. Líìgì ńlá kan ti ń fojú sí wọn lára, wọ́n ń ṣe bí omidan tí ọkọ méjì ń bẹ̀. Bí wọn kò bá wá, márùn-ún la jẹ́, asán ni gbogbo rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi awakọ̀ wọn lórí WhatsApp. Ojoojúmọ́ ló ń ní, “Ọ̀gá mi kò tíì sọ nǹkan kan, àmọ́ ó ń yan lọ yan bọ̀.”

Ọjọ́ tó kù ọ̀la kí gbèdéke pé, mo ń bọ̀ láti Harlem níbi tí Aminah rán mi lọ ra gààrí. Inú fẹ́rì ni mo wà, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa relé, ọ̀sán ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Manhattan. Fóònù dún. Susan ni. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, igbe ló ń ké. Mo ní, “Susan, rọra, ṣé wọ́n kọ̀ ni?” Ó ní, “Wọ́n fọwọ́ sí i! Long Island fọwọ́ sí i! Mẹ́fà!” Ládi, mo fò sókè. Mo kígbe “Alhamdulillah” débi pé àwọn tó ń ya fọ́tò omi yípadà, wọ́n ń ya èmi. Gààrí bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rá bẹ́, ó tú síbi gbogbo. Ìyá Ṣáínà kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kó o, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan bi mí pé ṣé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni. Mo ní, “Ọmọ mi ti ní líìgì!” Ó pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù náà bá a pa á. Aminah kò rí gààrí lọ́jọ́ náà, kò sì bínú.

Àná ni ìdíje àkọ́kọ́ nínú líìgì tuntun yìí. Ilé wa ni, lórí òkè níbẹ̀, ní aago kan ọ̀sán, kọ́lẹ́jì ti Anthony la sì gbà lálejò. Nígbà tí ó gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, a fẹ́ lọ síbi ìdọ̀tí wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ni Ìyáàfin Johnson bá ránṣẹ́ pé awakọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ dúró síta lónìí. Iwájú ni wọ́n fi wá sí! Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, n kò tíì rí ìdíje kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Èyí ni àkọ́kọ́.

O ò bá wà níbẹ̀! Ọmọ tí mo bí yìí ń fò bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Tiffany á gbé bọ́ọ̀lù sókè fún un, Kafilat á dìde láti ẹ̀yìn, á gbá a wọlẹ̀, gbàù! Mo gbàgbé pé awakọ̀ ni mí. Mo ń pariwo, “Lù ú mọ́lẹ̀! Má ṣàánú wọn!” Anthony kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun ni mò ń bú, ó ń fi ìgbúnpá gún mi. Àwọn gba sẹ́ẹ̀tì méjì, àwa náà gba méjì. Sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, mẹ́tàlá sí mẹ́tàlá. Wọ́n ju èyí tó kàn wọlé. Kafilat gbá èyí tó tẹ̀lé e, ó kan nẹ́ẹ̀tì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàlá. Wọ́n lù wá! Ládi, wọ́n lù wá, mo sì ń jó! Anthony ní òun kò rí ẹni tí wọ́n lù tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí rí. Mo ní dákẹ́, a ń bọ̀ nílé rẹ lóṣù tó ń bọ̀, a ó gba tiwa padà.

Bá mi kí gbogbo ilé. Kí àwọn ọmọ rẹ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, sọ fún wọn pé bí ìjọba kò bá rí tiwọn rò, kí wọ́n bi awakọ̀ tó ń gbé wọn léèrè nǹkan tó mọ̀. Kí Ìyá Ìdí Nẹ́ẹ̀tì tó máa ń bá wa hán bọ́ọ̀lù látẹ̀yìn ògiri, bí wọ́n bá ṣì wà láyé.

Ohun kan ló kù tí n kò tíì sọ fún Aminah pàápàá. Nígbà tí ìdíje parí, Susan wá bá mi, ó ń nu ojú. Ó ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Kafilat o, torí kì í ṣe gbogbo ọmọ ló lè kọ irú nǹkan yẹn.” Mo ní nǹkan wo? Ojú rẹ̀ yí padà, ó rò pé mo mọ̀. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó fi wá sílẹ̀ kọ̀wé sí Kafilat nínú oṣù Kọkànlá pé kó máa bọ̀, sikọ́láṣíìpù kíkún, ibùsùn, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀. Ó ní ọmọ náà dá wọn lóhùn láàárín ọjọ́ méjì pé òun kò wá. Oṣù Kọkànlá, Ládi! Nígbà yẹn, ikú ni ẹgbẹ́ wa ń retí. Ìpàdé kò tíì sí, ẹnì kan kò tíì gbà pé líìgì tuntun lè wà. Èmi tí mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì ṣì ń bẹ̀rù pé ó máa lọ, òun ti ní òun kò lọ.

Mo lọ bá a níbi tó jókòó sí, ó gbé yìnyín lé orúnkún. Mo bi í pé kí ló dé tí o kò lọ, kí ló dé tí o kò sọ fún wa? Kò gbé ojú sókè. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá tirẹ̀ tó dà bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó ní, “Dádì, mo lọ visit ibẹ̀. Bus wọn dáa gan. Ṣùgbọ́n driver ò mọ name ẹnì kankan.”

Tìrẹ ni mo jẹ́, lọ́jọ́kọ́jọ́,
Muhideen.